Kílíà àti Èémí Ọkọ Mi

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ ọ̀dà ọkọ̀ á rò pé àwọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe àwọ̀. Ẹ lè fọ́n àwọ̀ tó wù yín sára ọkọ̀, kí ó gbẹ tán, kí ó sì wà níbẹ̀ lásán bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Kílíà ni wọ́n fi ń parí iṣẹ́. Kílíà fúnra rẹ̀ kò ní àwọ̀. Nínú agolo, omi tó ki díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òun ló ń bo àwọ̀ náà tí oòrùn kò fi ní mú kó ṣá, tí òjò kò fi ní ráyè dé irin abẹ́ rẹ̀ kí ó dípẹtà. Òun náà ló ń jẹ́ kí olọ́kọ̀ dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ kí ó máa wo eyín ara rẹ̀ nínú ilẹ̀kùn.

Nígbà náà, èmi ni mo ń tà á, ọkọ mi ló ń fọ́n ọn. Ìsọ̀ mi wà ní Ìsọlọ̀, kò jìnnà sílé wa. Ibi iṣẹ́ tirẹ̀ wà ní Ṣógúnlé. Bí a ṣe pàdé náà nìyẹn. Ó wá ra kílíà, mo gbé agolo kan fún un, ó yí i wò lókè, ó yí i wò nísàlẹ̀, ó ní eléyìí ti pẹ́ lórí igbá. Mo ní kó máa lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tuntun. Ó lọ lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún padà wá. Ẹnu mi kò dùn láti kékeré, ó sì jọ pé ẹnu náà ló wá wò.

Mo fẹ́ sọ bí ó ṣe máa ń ṣe é, nítorí pé n kò tíì rí ẹlòmíì tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Òwúrọ̀ ló máa ń fọ́n kílíà, kí atẹ́gùn tó gbéra, kí àwọn kòkòrò tó jí dáadáa. Á kọ́kọ́ da omi sílẹ̀ yí ọkọ̀ náà ká kí eruku má bàa dìde. Á mú aṣọ kan tó máa ń lẹ̀ díẹ̀, á fi nu ara irin náà láti orí dé ìdí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sùn. Lẹ́yìn náà ni yóò po kílíà. Kílíà nìkan kò lè gbẹ. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn tó ń mú un le, hádínà ni à ń pè é. Tí hádínà bá ti wọ inú rẹ̀, kò sí ìdúró mọ́, ẹ gbọ́dọ̀ fọ́n ọn kó tó dì mọ́ yín lọ́wọ́.

Á kọ́kọ́ fọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́, á dúró, á fi ẹ̀yìn ìka kan etí ibì kan tí ojú kò ní dé. Tí ibẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ díẹ̀ tí kò fà, á wá fọ́n èyí tó tutù dáadáa lé e. Tí pẹ́ńtà bá yára jù, ara ọkọ̀ á rí kókókó bí èèpo ọsàn. Tó bá lọ́ra jù, kílíà á ṣàn wálẹ̀, á dì síbẹ̀. Tirẹ̀ kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn. Kì í sọ̀rọ̀ tó bá ti gbé ìbọn ọ̀dà dání, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọjá níwájú rẹ̀. Kódà èmi tí mo bá gbé oúnjẹ wá fún un, ojú títì ni mo máa ń dúró sí títí yóò fi ṣe tán.

Àkísà ló fi ń di imú. Gbogbo wọn ló ń fi àkísà di imú. Tí wọ́n bá sì ti fọ́n kílíà tán, wọ́n á lu agolo mílíìkì, wọ́n á gbé e sẹ́nu láìfi omi là á. Láti Ṣógúnlé dé Ìsọlọ̀, n kò mọ pẹ́ńtà kan tí kì í mu ún. Wọ́n ní ó máa ń fọ ọ̀dà kúrò láyà. Àwọn míì ń mu epo pupa. Mo bi ọkọ mi rí pé ọ̀nà wo ni mílíìkì ń gbà dé àyà nígbà tó jẹ́ pé inú ikùn ni ohun tí èèyàn bá mu ń lọ.

Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ìgbà wo lo di dókítà?"

Mo ní n kò dì í. Mo sì tún ra mílíìkì náà sílé, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí mo mọ̀ láti ṣe.

Nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, a pè é ní ikọ́ ọyẹ́. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ kò lọ. Ó di pé tó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wa, á dúró láàárín bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sísàlẹ̀, á gbé ọwọ́ lé ògiri. Tó bá sùn, àyà rẹ̀ á máa súfèé. Àwọn ọmọ wa máa ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ní ẹyẹ wà nínú bàbá àwọn. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀rẹ̀. A fi mílíìkì kún mílíìkì. Ẹnì kan ní kó máa jẹ orógbó, ó ń jẹ ẹ́. Ẹlòmíì ní aṣọ tó fi ń di imú ló tín-ín-rín jù, ó wá fi méjì lé ara wọn, ìyẹn kò sì jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́ mí sínú rárá.

Géètì kan ní Ire-Akari ló fọ́ ọ̀rọ̀ náà lójú. Àwọn ará ẹ̀sìtéètì yẹn fẹ́ràn kí géètì wọn máa dán bí ọkọ̀ tuntun, ọkọ mi ni wọ́n sì máa ń pè. Géètì yìí fẹ̀, wọ́n fi irin ṣe òdòdó sí gbogbo ara rẹ̀, kílíà sì gbọ́dọ̀ wọ kọ́lọ́fín gbogbo òdòdó náà. Ó ní láti sún mọ́ ọn, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ki orí bọ̀ ọ́. Wọ́n sọ fún mi pé ó fọ́n ọn dé ìdajì, ó gbé ìbọn ọ̀dà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jókòó sórí kọnkéré, ó ń ya ẹnu, kò sì lè sọ ohun tó ń ṣe òun. Ètè rẹ̀ ti yí padà kí wọ́n tó gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí ọsibítù. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó rí ẹni parí géètì náà. Mo máa ń rí i tí mo bá kọjá níbẹ̀, apá kan ń dán, apá kejì rí bí ohun tí wọ́n fi ẹfun kùn.

Dókítà tó gbà á là lọ́jọ́ náà bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ó sì ní kó ka gbogbo ohun tó ń pò mọ́ra fún òun. Nígbà tó dórí hádínà, ó dá a dúró.

"Òun nìyẹn," ni dókítà wí. "Ara yín ti kọ̀ ọ́, Bàbá. Tí ara bá ti kọ irú nǹkan yìí, kì í gbàgbé. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó kan imú yín mọ́, bó ti wù kó kéré tó. Tó bá tún mú yín bí ó ṣe mú yín lónìí, mi ò lè ṣèlérí pé a máa tètè bá yín."

Mo bi í nípa mílíìkì. Ó ní kí ọkọ mi máa mu ún tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ikùn ló ń lọ. Inú mi kò dùn rárá pé mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàtà ọkọ mi ni mo gbé dání lórí ìdúró níbẹ̀, mo dì í mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Wọ́n fún un ní nǹkan kékeré tí wọ́n ń fín sẹ́nu tí èémí bá há, a sì lọ sílé.

Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo rò pé a máa jà lórí rẹ̀ ni, mo tilẹ̀ ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sẹ́nu, ṣùgbọ́n kò bá mi jà. Ó kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ fún pẹ́ńtà míì tí wọ́n jọ ń lo ọgbà iṣẹ́ kan náà, ó sì jókòó sílé. Òun ló ń mú àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, òun ló ń lọ mú wọn bọ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà kí ó má jóná. Nígbà míì mo máa ń bá a níwájú fíríìjì wa, tí yóò máa fi àtàǹpàkò ra ilẹ̀kùn rẹ̀ sókè sódò, tí yóò máa wá ibi tí ọ̀dà ti ṣe kókókó. Àánú rẹ̀ ṣe mí dé ibi tí mo fi ń bínú sí i. Ọkùnrin tó lówó tàbí tí kò lówó, mi ò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń wò ó láìríṣẹ́ ṣe.

Ohun tí a ń retí ni kí èémí rẹ̀ là. Ó là lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán nìkan. Láti òwúrọ̀ dé ìgbà tí àwọn ọmọ bá ti ilé ìwé dé, ara rẹ̀ á dá, á gun àtẹ̀gùn láìdúró. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, tí èmi ti ti ìsọ̀ bọ̀ tí mo jókòó tì í, tí mo ń bi í bí ọjọ́ ṣe lọ, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Mo ní atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ ni. Mo ń ti fèrèsé. Mo ní èéfín jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ ni, mo lọ bá wọn jà títí wọ́n fi gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Èéfín lọ, kò yàtọ̀. Mo tún ń ti fèrèsé, mo wá fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ń bà mí gidigidi. Mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo máa ń gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo máa ń fi ọwọ́ ra àyà rẹ̀ títí yóò fi sùn.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ní Ìséyìn, ó dé. Mo ní láti ṣe òdodo sí obìnrin yìí. Kì í ṣe oníwàhálà. Àwo àti ìkòkò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tà lọ́jà, ó sì mọ bí a ṣe ń jókòó kí a máa wo èèyàn láìsọ̀rọ̀. Ó kírun, ó jókòó sórí àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó ń wò wá. Kò bú mi, kò ní oúnjẹ mi kò dùn. Ó wò wá fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bẹ́ẹ̀.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni ó sọ̀rọ̀. Mò ń múra ìsọ̀ lọ́wọ́, ọkọ mi ń mu ògì. Ọkọ mi ni ó dojú kọ, ṣùgbọ́n ó rí i pé mò ń gbọ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, mo ti ń ṣọ́ ọ láti ìgbà tí mo ti dé. Àyà rẹ kì í pa dé àfi tí ìyàwó rẹ bá ti ìta wọlé. Bí ó bá ti wọlé báyìí, kò ní pẹ́, wàá bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá jáde, ó máa ń sàn fún ọ. Kí ló ń bá a wọlé?"

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí wọ́n ń bi obìnrin tí wọ́n bá bi í bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ṣé àjẹ́ lẹ pè mí?"

"Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ohun tí mo fojú mi rí ni mo sọ."

"Ọjọ́ Sọ́ńdè, àti òwúrọ̀ dé alẹ́ ni mo máa ń wà nínú ilé yìí, ara rẹ̀ á sì dá ṣáṣá. Àjẹ́ wo ló ń gba ìsinmi lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

Mo rò pé èyí yóò pa á lẹ́nu mọ́. Kò pa á lẹ́nu. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Èmi náà ti rò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ló ń bá ọ wọlé. Mi ò ní ìwọ ni."

Mo wo ọkọ mi kí ó dá sí i. Ó ń fi ṣíbí yí ògì tó ti tutù. Kò gbé ojú sókè. Ìgbà yẹn ni ó kọ́kọ́ dùn mí wọ egungun, nítorí mo mọ ọkùnrin náà, mo mọ̀ pé tí kò bá gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́, á rẹ́rìn-ín sí i. Kò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, mo fi agídí bọ̀ ọ́. Mo ní kò sí ẹni tí yóò lé mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu. Tí mo bá ti ìsọ̀ dé, n kì í bọ́ aṣọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń lọ tààrà. Ìyá rẹ̀ á ka tẹ̀sùbáà, èmi á fi orí ọkọ mi lé itan, a ó máa wo ara wa. Ó burú sí i. Ó burú dé ibi pé ohun tí wọ́n ń fín sẹ́nu náà kò fẹ́ ràn án mọ́, wọ́n sì fún wa ní ọjọ́ láti wá rí dókítà àyà.

Obìnrin ni dókítà àyà náà, ó sì kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó bi ọkọ mi lọ́pọ̀ ọ̀rọ̀, ó sì fi nǹkan gbọ́ àyà rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ọ̀rọ̀ náà ti kún mi lẹ́nu. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tó kàwé bá mi fi ìyá ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyà tó ń jẹ mí fún yín. Ìyá ọkọ mi ní èmi ni. Wọ́n ní tí mo bá ti wọlé ni àyà ọkọ mi máa ń pa dé."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí.

"Ṣé òótọ́ ni pé ó máa ń pa dé tẹ́ ẹ bá wọlé?"

Ọkọ mi ló dáhùn, ó ní òótọ́ ni.

"Màdáàmù, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

Láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí. Mo ní mò ń ta ọ̀dà ọkọ̀. Ó ní ṣé mò ń ta hádínà. Mo ní òun gan-an ni ọjà mi, àwọn pẹ́ńtà kéékèèké kì í rí odindi agolo rà, nítorí náà èmi ni mo ń ṣí agolo ńlá, tí mo ń fi àrọ dà á sínú ìgò kéékèèké fún wọn. Ó ní ṣé ó máa ń kán sí mi lára. Mo ní kò sí bí kò ṣe ní kán. Mo na ìró mi sí i, mo fi ibi tí mo máa ń fi nu ẹnu ìgò hàn án. Ibẹ̀ ti gan bí páálí.

Ó fi etí fáìlì rẹ̀ tì í padà kí ó má bàa sún mọ́ ọkọ mi. Ó ní, "Ìyá yín ò parọ́ o. Ohun tí wọ́n rí, ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé e wọlé. Ara aṣọ yín ló wà, ara irun yín, ara àpò yín. Ó lè wà lára kọ́tìnì àti mátírẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú. Ẹni tí ara rẹ̀ ti kọ̀ ọ́, kékeré yẹn tó o."

Mo rántí fèrèsé tí mo ń tì. Mo rántí aṣọ tí mo fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn, àti orí rẹ̀ lórí itan mi, lórí ìró yẹn gan-an. Omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ òdodo, lẹ́yìn omi ojú náà, ayọ̀ ló dé. Ohun tó ń pa á ní orúkọ, ó ṣeé tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ṣeé fọ̀ dànù. Nígbà tí a jáde sí kọ́ríídọ̀, ẹ̀rín pa èmi àti ọkọ mi. Ó di ọwọ́ mi mú bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí a kò tíì bímọ. Lẹ́yìn náà ó rántí, ó sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

Bí a ṣe délé, mi ò dúró bọ́ bàtà. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí àga rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, inú mi dùn, mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Òótọ́ lẹ sọ. Dókítà ní èmi ni. Èmi ni mò ń gbé e wọlé. Inú aṣọ mi ló wà."

Mo fẹ́ tẹ̀ síwájú láti ṣàlàyé hádínà fún un. Mo tilẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, ní kíkún, pẹ̀lú agolo àti àrọ àti ìgò. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń mi orí. Ṣùgbọ́n tẹ̀sùbáà ti dúró lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ní èmi ni. Nígbà tí mo wọ ilé ìdáná lọ gbé omi kaná, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù, ó ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ ní Ìséyìn. Kò pariwo, kò sì yọ̀.

Ó ní, "Ó ti jẹ́wọ́. Fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀. Ó ní inú aṣọ òun ló wà."

Mo jáde, mo ní, "Ìyá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ lo ṣe sọ ọ́, ìyàwó. O ṣeun tí o sọ ọ́." Bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń wẹ ara mi mọ́ ni wọ́n gbà bí ìjẹ́wọ́, kò sì sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi kún un.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi ní òun á mú ọmọ òun lọ sílé ní Ìséyìn fúngbà díẹ̀, mo gbà. Dókítà ti ní yàrá náà fúnra rẹ̀ kò dára fún un. Mo di ẹrù rẹ̀, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo dúró sí, n kò sún mọ́ ọn. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, kò ní pẹ́." Mo gbà á gbọ́.

Mo wá kọjú sí ilé. Mo kó gbogbo ọjà ọ̀dà mi fún obìnrin tí a jọ ń ta á ládùúgbò, n kò fi agolo kan sílẹ̀. Bísíkíìtì, súgà àti ọṣẹ ni mò ń tà nínú ìsọ̀ náà báyìí. Mo fi omi ọṣẹ fọ ògiri rẹ̀. Mo dáná sun kọ́tìnì, mo gbé mátírẹ́ẹ̀sì jù nù, mo kó gbogbo aṣọ ìsọ̀ mi síta fún àwọn tó ń kó ilẹ̀. Nígbà tí mo tún rò pé irun ni dókítà dárúkọ tẹ̀ lé aṣọ, mo lọ jókòó níwájú oníbábà, mo ní kó gé e mọ́lẹ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Àwọn ọmọ kò mọ̀ mí nígbà tí mo délé, èyí tó kéré sunkún.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, mo fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìséyìn láti lọ mú ọkọ mi bọ̀. Aṣọ tuntun ni mo wọ̀, mo sì ti fọ̀ ọ́ kí n tó wọ̀ ọ́. Gèlè bọ́ lórí mi nígbà tí mò ń kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà ilé, gbogbo wọn sì rí orí mi. Obìnrin kan nínú wọn béèrè jẹ́jẹ́ bóyá ẹnì kan kú fún mi. Òmíràn fi ọwọ́ kàn án léjìká kó dákẹ́. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ti mọ ìdí tí obìnrin tó ti jẹ́wọ́ fi ń gé irun.

Ìyá ọkọ mi fún mi ní omi, ó fún mi ní oúnjẹ, ó béèrè àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ti ẹ̀yìn ilé wọlé, ó ru kẹ́ẹ̀gì omi. Ó ti sanra. Ọrùn rẹ̀ tó ti gbẹ ti kún, ó sì ń bá ẹnì kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìrìn pẹ̀lú ẹrù náà léjìká, tí èémí rẹ̀ kò já. Mo fẹ́ sunkún. Ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti ìgbà géètì Ire-Akari nìyẹn, ó sì dúró níwájú mi.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé lọ kírun Alásàrí, èmi àti rẹ̀ nìkan ló kù lórí bẹ́ńṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun lápá ọ̀hún, èmi lápá ìhín. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ti ṣe fún un. Mo ní mo ti kúrò lórí ọ̀dà, kò sí agolo kan, kò sí ìgò kan. Mo ní mátírẹ́ẹ̀sì tuntun wà nílẹ̀. Mo ní, "Dádì wọn, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ó ní, "Mo gbọ́. Jẹ́ kí ara tún le díẹ̀ sí i."

"Ara yín ti le. Mo rí i."

"Ó ti le," ni ó wí. Ó ń wo ògiri.

Mo sún mọ́ ọn kí n lè jókòó bí a ti máa ń jókòó. Èémí rẹ̀ ti mọ́ etí mi lára, nítorí kò sí ohun tí mo gbọ́ tó o láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. N kì í jókòó tì í kí n má tẹ́tí sí i. Mo tẹ́tí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo wo àyà rẹ̀, kò lọ sókè, kò lọ sódò. Mo ti na ọwọ́ sí àpò rẹ̀ láti wá nǹkan tí wọ́n ń fín sẹ́nu náà nígbà tó mi orí fún mi pé rárá. Mo wá wo ojú rẹ̀. Mo mọ ojú rẹ̀ nígbà tó bá ń wá èémí tí kò rí i. Kì í ṣe ojú yẹn nìyí. Èémí wà níbẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ ló dì í mú nítorí mi.

Mo dìde. Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo sì dúró síbẹ̀ láìwẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ni mo wá gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, ó mí síta, ó gùn, ó já gaara, kò sí súfèé kankan nínú rẹ̀.